Ahọ́n Àyálò

Àpótí ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe,
àpótí igi sídà, ọmọrí rẹ̀ ti lọ́,
ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Káḿpọ̀sì
níbi tí fèrèsé ti ga ju ilẹ̀kùn ilé tiwa lọ.
Pàá Lìbẹ́rátò jókòó, ọwọ́ méjèèjì lórí ọ̀pá.
"Má fi fáníìṣì kan inú rẹ̀ o, káfíńtà.
Ohun tó ń gbé ibẹ̀ ń mí."

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Mo fá a, mo lẹ̀ ẹ́, mo pààrọ̀ àgbékọ́.
Nígbà tó kan owó, ó ka iye tí a jọ sọ, kò dín kọ́bọ̀,
ó wá gbé ọ̀kan lé e lórí:
ṣárútù, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn,
ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ,
ó dúdú bí ìrókò tí òjò ti pa lọ́dún mẹ́wàá.
Mo dúpẹ́, mo fẹ́ kì í sápò.
"Rárá. Níbí lo ti máa mu ún.
Dókítà ti gbà á lẹ́nu mi láti Àjíǹde èṣí.
Ahọ́n rẹ ni mo fẹ́ yá."

Ó kọ́ mi. Ó ní kí n gé orí rẹ̀ díẹ̀
bí ẹni ń gé èékánná ọmọ tuntun.
Kí n má kì í bọ iná; kí n jẹ́ kí iná wá bá a,
kí n máa yí i, kí n máa yí i,
títí ẹnu rẹ̀ yóò fi pọ́n yíká.
Kí n má gbé èéfín mì.
"Fi sẹ́nu bí ọ̀rọ̀ tí o ò tíì fẹ́ sọ."
Mo gbé e mì. Ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun náà.

"Ó dáa. Kí lo tọ́ wò?"
"Èéfín ni, sà."
"Ṣé ẹ̀wà ni mo pè é ni? Padà síbẹ̀."

Mo padà síbẹ̀. Mo pè é ní ata,
kì í ṣe rodo tí ń pariwo,
iyèré ni, tó ń ta lọ́fun lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tán.
Ó mi orí. Ó dijú.
Mo pè é ní kọfí tí wọ́n gbàgbé lórí iná,
awọ bàtà tuntun,
lẹ́búlẹ́bú igi apá tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé,
mo pè é ní ilẹ̀ oko ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́
lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀.
Níbẹ̀ ló ti ní, "Dúró. Dúró síbẹ̀ yẹn."
A dúró. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Eérú gùn, ó funfun, kò já,
ó rọ̀ mọ́ iná bí àgbà tí kò tíì fẹ́ lọ sùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì,
odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò kan.
Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ kiri
bí ẹni ń wá ìṣó tó já bọ́ sínú iyanrìn.
Ìyàwó mi ní ẹnu mi ti dùn jù fún káfíńtà.
Lọ́jọ́ kan mo ní, "Iyọ̀ wà níbẹ̀."
"Irọ́," ló wí, "ọ̀sà nìyẹn. Ti fèrèsé."
Òun fúnra rẹ̀ ló dìde tì í,
ó ní kí n tún tọ́ ọ wò.
Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò jiyàn.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ta ilé náà.
Àpótí wà lọ́dọ̀ mi ní Múṣìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́ọ̀mù àti ayùn,
ọmọrí rẹ̀ ṣì ń bọ́ sáyè láìsí ariwo.
Ọ̀kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀.
Àwọn ọmọọṣẹ́ ní, Ọ̀gá, ẹ ò ṣe tanná sí i?
Ìṣáná wà lápò mi.
Lálẹ́ mo ń ṣí i, mo ń gbóòórùn rẹ̀,
mo ń sọ ọ́ jáde sínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣófo:
iyèré, awọ, ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́,
iyọ̀.
Kò sẹ́ni tó ní irọ́ ni.