Ìṣẹ́jú Méjìlá

Wọ́n ní kí n wá so àpótí ohùn mọ́ íméèlì,
àpótí dúdú tó wúwo, tó ń mí nínú kọ́bọ́ọ̀dù
bí ajá tó sùn sẹ́bàá iná.
Íméèlì wọn kò gbé ilé mọ́, ó ti kó lọ sínú àwọsánmà;
bẹ́ẹ̀ àwọsánmà gidi wà lójú fèrèsé,
ó bo òkè, ó bo etíkun Móldè,
ó ń da òjò sórí àpótí ẹja
bí ẹni tí kò gbọ́ pé a ti yá orúkọ rẹ̀ lò.

Gudveig gbé kọfí fún mi.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nídìí fóònù yẹn.
Láràárọ̀ ni í tẹ́tí sí ohùn àná,
a kọ ọ́ sórí pépà pélébé aláwọ̀ ìyeyè,
a pín in kiri orí tábìlì.
Oníbàárà tó bá pe Eskil ọ̀gá wọn lólè,
Gudveig a kọ ọ́ pé: "Ó ní kí o pe òun. Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀."
Wọ́n rán an níṣẹ́ ẹrú, ó fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Wọ́n kọ̀ ọ́.
Mo pààrọ̀ ìwé ẹ̀rí. Wọ́n kọ ìyẹn náà.
Mo pe àwọn tó ni àwọsánmà,
fèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ogójì ìṣẹ́jú,
kí Fintan kan tó bọ́ sórí ìlà, tó bi mí
ṣé mo ti pa á, ṣé mo ti tún un tan.
Mo ti pa á. Mo ti tan án. Ó kù kí n kúnlẹ̀ fún un.

Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó wo ibi tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò.
Aago.
Aago àpótí fi ìṣẹ́jú méjìlá ṣíwájú ayé.
Àwọsánmà kì í dáhùn ẹni tó ti ọ̀la wá.

"Ta ló yí aago yìí?"
Gudveig wo inú ife rẹ̀.
"Èmi ni.
Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú omi ń ṣí lọ sí erékùṣù.
Lọ́dún tí ìyá Eskil dùbúlẹ̀ àìsàn lódìkejì,
ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ já a sílẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá kò dúró dè é.
Mo dúró lẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ti aago síwájú.
Aago ojú fóònù tábìlì nìkan ni Eskil gbà gbọ́.
Ó ní èyí tó wà lápò òun máa ń pẹ́, bí i tòun."

Mo ṣe ohun tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún mi.
Iná àwọ̀ ewé tàn.
Ohùn ń gòkè, ohùn ń sọ̀kalẹ̀,
ọkùnrin ará Bergen kan pe Eskil lólè,
olè pọ́ńbélé, kò sì rẹ̀ ẹ́ rárá.
Eskil yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ funfun bí inú ẹja kọ́dì:
"Ṣé báyìí ni wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?"
Gudveig ń ṣa pépà ìyeyè sínú báàgì.

Mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Eskil wo fóònù, ó gbé kóòtù, ó rọra ń lọ,
ọkùnrin tó ti gbà tipẹ́ pé ẹsẹ̀ òun yá.
Kò tíì kọjá àpótí ẹja tí ọkọ̀ fi fọn fèrè.

Gudveig gbé fóònù. Ó tẹ nọ́ńbà Eskil,
ó dúró kí àpótí sọ̀rọ̀ tán.
"Èmi ni. Òmíràn ń bọ̀ ní aago márùn-ún kọjá.
Kọfí ṣì gbóná."
Ó gbé e kalẹ̀. Àwa méjèèjì wo ojú fèrèsé,
títí a fi rí i nínú òjò, tó ń wá àpò rẹ̀.