Ihò Kan Ṣoṣo

Apá òsì gba ojú fèrèsé wọ ilé ìdáná ìyá mi.
Kò sí ibòmíràn tí à bá gbé e sí:
àgbàlá wa ní Kọ́mpáùndì Rélùwéè, Èbúté Mẹ́tta,
gba ara ọkọ̀, ó gba apá ọ̀tún,
ó gba ìdajì apá òsì, ó ní òun yó.
Ìyá mi fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ ṣóńṣó rẹ̀.
"Bàbá Fadérera, ọkọ̀ yín wọlé. Ṣé ó ti jẹun?"

Bàbá mi kò gbọ́.
Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń so nọ́ọ̀tì ojú irin
mọ́ òpin okùn mẹ́rin tó rọ̀ láti etí iwájú apá.
"Jẹ́ kí wọ́n mì tán
ká tó gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ."
A dúró. Rélùwéè àárọ̀ kọjá, ilẹ̀ gbọ̀n,
nọ́ọ̀tì tún bẹ̀rẹ̀.
A tún dúró.

Múfútáù bírikìlà yá wa ní rọ́bà omi
tó fi ń mú ògiri olówó dọ́gba ní Yábàá.
Omi kò mọ ẹni tó ra ilẹ̀, kò mọ ẹni tó háyà;
ibi tó bá dọ́gba ló ń jókòó sí.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́: èjìká ọ̀tún bàbá mi rẹlẹ̀ ju tòsì lọ
láti ọjọ́ tí ṣéènì já lé e ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù.
Télọ̀ tó ń rán bùbá rẹ̀ mọ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń wo ayé láti ẹ̀gbẹ́,
ìdí nìyẹn tí kò fi gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.
"Fadérera, wò ó fún mi. Ṣé ó tẹ̀?"
Mo di ojú kan. Mo ní kò tẹ̀.
"Tún un wò. Má wojú mi, apá ni kí o wò."

Téèpù láti ṣóńṣó apá dé ìrù:
ọ̀tún fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì ju òsì lọ.
Ó rọra ti apá
bí ẹni ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí.
A wọ̀n ọ́n. Ó kọ̀. A tún wọ̀n ọ́n.
Ìyá mi ń dín dòdò lábẹ́ apá òsì,
èéfín rẹ̀ ń fò kiri
bí ẹni tó ti gbàwé àṣẹ ṣáájú wa.

Ní aago méje, ó bára mu.
Bàbá mi fi pẹ́ńsù sàmì sí ọ̀pá ẹ̀yìn.
Aṣọ tó ya ṣeé lẹ̀, ìkòkò tó jò ṣeé dí;
ihò tó bá ṣìnà, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an.
Ó tẹ dírìlì. Iná lọ.

Ó wọlé lọ mú dírìlì àfọwọ́yí
tí rélùwéè fún un dípò owó oṣù mẹ́ta.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi,
ó gbé dírìlì lé mi lọ́wọ́.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Tirẹ̀ náà ń gbọ̀n,
ìmọ́lẹ̀ ń ṣe ségesège lára páànù.
"Mí síta," ó ní, "kí o tó yí i."

Mo yí i. Èérún páànù ń lọ́, ó ń já,
ó ń bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbóná.
Lójijì, kò sí ohun tó ń dènà mi mọ́.

Bàbá mi fojú sí ihò náà, ó pẹ́ níbẹ̀.
Mo bi í pé kí ló rí.
"Àtùpà ìyá rẹ."
Lóòótọ́, ìyá mi ti jáde, ó dúró nídìí ìrù,
àtùpà lọ́wọ́ kan, àwo dòdò lọ́wọ́ kejì.
"Ẹ̀fọn ti wọlé tán," ó ní.
"Ìgbà wo lẹ máa yọ apá yín kúrò ní fèrèsé mi?"