Àwo Méje

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ṣítù onírédíò la jókòó sí,
l'Álékúwodò, lọ́jọ́ Àìkú kan tí òjò kọ̀ tí kò dá.
Ènìyàn márùn-ún, gramafóònù kan,
àti àwo sákárà tó kún inú páálí ọṣẹ mẹ́ta.
Ṣítù ní: "Bí ọmọ kan bá bi yín léèrè lọ́la
pé kí ni wọ́n ń pè ní sákárà,
àwo méje ni kí ẹ gbé lé e lọ́wọ́.
Méje. Kò sí èènì."

Ó rọrùn lẹ́nu.
Bàbá Àjíbóyè, tó fi ọgbọ̀n ọdún ju àsíá fún ọkọ̀ ojú irin,
ló kọ́kọ́ fa èyí aláwọ̀ ewé yọ:
gòjé inú rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀
tí kò sì rówó lọ kóòtù.
Kò sẹ́ni tó jiyàn.
Ìkejì, èyí tó ní àwòrán ẹlẹ́ṣin.
Ìkẹta, èyí tí eku ti jẹ orúkọ rẹ̀ tán.
Ìkẹrin ló dá ìjà sílẹ̀.

Múnífátù ní kò sí sákárà nínú àwo tó bá ti ní gìtá;
ó ní gìtá inú sákárà, iyọ̀ inú ògì ni.
Tìjánì, tíṣà ìṣirò, dìde, ó wọ bàtà, ó ní òun ń lọ ilé.
Ó dé ẹnu ọ̀nà, òjò lé e padà.
"Ó dáa, ẹ yọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ò fọwọ́ sí i."

Èmi náà jà. Mo jà fún àwo tí bàbá mi tà
lọ́dún tí wọ́n lé mi wálé nítorí owó ilé ìwé.
Mi ò rí i mọ́ láti ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ti ń ṣá lọ́kàn mi,
àfi òórùn páálí rẹ̀, bí àdìrẹ tí kò tíì gbẹ.
"A kì í yan ohun tí kò sí nílẹ̀," ni Ṣítù wí.
Mo panu mọ́.

Ìgbà tí a ó fi tan àtùpà, ó ku ẹyọ kan.
Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: àwo tí abẹ́rẹ́ máa ń fò lórí rẹ̀,
níbi tí olórin ti ní, "Ta ni n ó sá bá, ta ni n ó sá bá,"
tí yóò fò gán-ín, tí yóò já sórí ègbè.
Láti kékeré la ti ń bá a fò.
Bàbá Àjíbóyè ní ikú ló dárúkọ níbẹ̀.
Múnífátù ní obìnrin kan ni, ará Ìlobùú, tó já a sílẹ̀.
Tíṣà ní Ọlọ́run ni, kò lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Ni Ṣítù bá tú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan:
ẹ̀dà mìíràn, tó mọ́, tó ń dán,
tó rà lọ́wọ́ opó kan n'Ìkìrun.
Ó gbé e sí i. A dákẹ́.

"Ta ni n ó sá bá, ta ni n ó sá bá,
bí kò ṣe Bùsàrí tó ń ta páànù?
Páànù Bùsàrí kì í jò."

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Lókè orí wa, páànù Ṣítù ń jò sínú bàsíà.
Múnífátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀;
ogójì ọdún ló ti ń bá obìnrin Ìlobùú yẹn ṣọ̀tá.
Tíṣà yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì dọ̀tí.

A dìbò. Ọwọ́ márààrún ló nà sókè
fún èyí tó ń fò,
ti Ṣítù pẹ̀lú, tó ra èyí tó mọ́ lówó gọbọi.
Bàbá Àjíbóyè ní kí n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ pé:
ẹ má tún un ṣe.
Bírò mi ò yọ dáadáa.
Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.