Rìsíìtì Ọ̀jẹ́wọlé

Kasúù ti dé. Àpò kún ilẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà,
òṣùwọ̀n ń mì bí ẹni òtútù mú.
Àwọn àgbẹ̀ jókòó sábẹ́ máńgòrò lójú ọ̀nà Ìlọrin,
wọn ò sọ̀rọ̀ owó. Ìwé ni wọ́n ń wò lọ́wọ́ mi.
Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ rí nídìí òṣùwọ̀n
kì í gba "máa bọ̀ lọ́la."

Púríńtà tuntun rèé. Tuntun sí wa;
ẹlòmíràn ti lò ó gbó kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.
Kọ̀ǹpútà náà, kòkòrò jẹ ẹ́ nínú lọ́dún tó kọjá,
àbúrò mi Gbádébọ̀ ló fọ̀ ọ́ mọ́, tó fi Líńúùsì sí i.
Ó ní, "Ọ̀fẹ́ ni, kì í ṣàìsàn."
Kì í ṣàìsàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè bi èèyàn.

Mo ki wáyà bọ ihò. Iná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Mo ní kó tẹ̀wé. Kẹ́kẹ́.
Mo tún ní kó tẹ̀ ẹ́. Mo tún ní kó tẹ̀ ẹ́.
Bàbá Ọ̀jẹ́wọlé na ọrùn: "Ṣé ó ń sùn ni?"

Mo pe Gbádébọ̀ n'Íbàdàn.
Ó ní kí n ṣí ojú dúdú, níbi tí ọ̀rọ̀ nìkan ti ń ṣiṣẹ́,
kí n béèrè àwọn tó wà lẹ́nu ihò.
Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Púríńtà wà níbẹ̀, torúkọ tòǹkà.
Ó rí i! Àmọ́ ó ní n kò sí lára àwọn tó lè fọwọ́ kàn án.
Èmi tí mo gbé e lórí ọ̀kadà láti Sábó!
Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀rọ, wọn ò kọ orúkọ mi mọ́ ọn.
Ẹnì kan ló lè kọ ọ́, gbòǹgbò ni wọ́n ń pè é;
mo sọ ara mi di gbòǹgbò, mo kọ orúkọ ara mi,
mo padà di ẹ̀ka.
"Jáde báyìí," ni Gbádébọ̀ wí, "kí o tún wọlé,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní dá ọ mọ̀.
Ó sì ku awakọ̀. Púríńtà yẹn kò ní awakọ̀."
Awakọ̀ wo? Ṣé kí n lọ pè é wá ní gáréèjì ni?
Kirẹ́díìtì tán.

Mo fi ìwọ̀nba dátà mi fa awakọ̀ kan wálẹ̀
bí ẹni ń fa omi kànga nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.
Ìwé jáde!
Wúruwùru ni: ìkọ́, ìràwọ̀, òǹkà tí kò lórí tí kò nídìí.
Bàbá gbà á, ó yí i sókè, ó yí i sódò:
"Orúkọ mi nìyí?"
Rárá, bàbá. Awakọ̀ ẹlòmíràn ni mo mú wá.

Mo fa wáyà yọ, mo wá ti tirẹ̀ gan-an.
Ẹ̀rọ wúkọ́. Ọ̀jẹ́wọlé Àlàó, kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta,
àmì abẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Kí n tó mú un, òmíràn ti jáde. Òmíràn.
Gbogbo èyí tí mo rán láàárọ̀ ti tò sórí ìlà,
wọ́n ń dúró bí àwọn ará abẹ́ máńgòrò.
Méje. Rìsíìtì méje fún àpò kan.
Bàbá fi eyín mẹ́ta tó kù rẹ́rìn-ín:
"Ṣé ẹ ó san án lẹ́ẹ̀méje?"

Mo ya mẹ́fà.
Ó ní kí n má fọwọ́ kan ti wúruwùru.
Ó ká a, ó tì í bọ àpò bùbá.
"Èyí tó kọ́kọ́ jáde," ó ní,
"bóyá ibẹ̀ ló ti kọ iye kílò gan-an."