Wọ́n Wọ̀n Wá Kí A Tó Gbéra

Aago mẹ́fà àárọ̀, ní pápá kan ní àríwá Ọsirélíà,
wọ́n wọ̀n wá bí ẹni wọn àpò ìrẹsì
lórí òṣùwọ̀n irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá epo.
Brodie ni awakọ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún,
àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ abẹ.
Ó fi bírò kọ ìwọ̀n mi sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀,
ó ní, “Ìwọ, iwájú. Bàbá, ẹ̀yin, ẹ̀yìn.”
Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ bẹ́líìtì, mo fẹ́ fúyẹ́.
Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dúró síbi tó dúró.

Ọkọ̀ náà kò ju mọ́tò kékeré tó hu ìyẹ́ lọ.
Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ̀n, ó sáré lórí erùpẹ̀ pupa,
mo di orúnkún ara mi mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i,
ìgbà náà ni ilẹ̀ jọ̀wọ́ wa.

Odò gbígbẹ dà bí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó,
ó yà síhìn-ín, ó yà sọ́hùn-ún, kò ní omi nínú,
síbẹ̀ ó ń lọ.
Òrùlé páànù kan ṣoṣo kọ mọ̀nà:
oko màlúù, Brodie ní, ìdílé kan ló ni ín,
aládùúgbò tó sún mọ́ wọn jù, wákàtí mẹ́ta nínú mọ́tò.
Mo ro ti ẹni tó bá gbàgbé àtira iyọ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn òkè yọ.
Wọn kò ga. Wọn kò ṣe fújà.
Wọ́n rí rìbìtì, wọ́n pọ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn
bí ilé ikán tí ẹnìkan fi osùn àti èédú kùn,
pupa, dúdú, pupa, dúdú,
láti ìdí dé orí.
Ọ̀gbẹ́ni Pettigrew lẹ́yìn, tó ti ń ròyìn orúnkún rẹ̀ láti àná,
dákẹ́.
Kámẹ́rà mi ń ṣe káká, káká.
Mo rò pé mo ti rí i tán.

Ìyá Dulcie ń dúró dè wá lábẹ́ igi,
akẹtẹ̀ lórí, ìgò omi lọ́wọ́,
eṣinṣin méje lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀ tí kò lé.
Kò bi wá bóyá òfurufú dára.
Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́,
ó bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè ìyá rẹ̀,
ó pe orúkọ wa fún un níkọ̀ọ̀kan. Ó ṣi tèmi pè,
ó tún un pè, ó tún un pè, títí ó fi bọ́ sí i.
“Ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ rí látòkè,” ó wí.
“Ta ní í kí ènìyàn láti ẹ̀yìn?”

A tẹ̀ lé e. Òun ń rìn bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń pè é,
èmi ń mí bí ewúrẹ́ tí a lé.
Ojú ẹsẹ̀ alángbá ńlá kan: ti àná.
Koríko kan tó ń gún ni: bí ọ̀rọ̀ àna.
A wọ àlàfo òkè, tóóró, tútù;
òkúta gba ohùn wa, ó tọ́ ọ wò, ó dá a padà.
Ní ìsàlẹ̀ pátá, omi, kò ju abọ́ ìfọwọ́ lọ,
ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sí i bí onílé.

Mo bèèrè ìtàn ihò kan lápá òsì.
Ó wò mí. Ó wo ihò náà. Ó dé ìgò omi rẹ̀.
“Ẹnu mi kọ́ ló yẹ kí ìyẹn ti jáde.”
Kò bínú. Ó kàn ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́,
mo sì ki kámẹ́rà bọ àpò.

Ó sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀:
ìyá rẹ̀ da màlúù kọjá níbí, ọmọge, lórí ẹṣin,
owó ọ̀yà rẹ̀, tíì, ìyẹ̀fun, ṣúgà.
“Ẹsẹ̀ ló fi mọ òkè yìí. Kò wọ ọkọ̀ òfurufú rí.
Èmi náà kò wọ̀ ọ́. Brodie máa ń bẹ̀ mí.
Mo ní, kí ni mo fẹ́ lọ wò?”

Ìrọ̀lẹ́ la padà. Brodie ka orí wa, ó pé.
Kò sẹ́ni tó tún gbé òṣùwọ̀n jáde.
Ọkọ̀ náà sáré, ó sáré,
ó pẹ́ kí ó tó gbéra, mo mọ̀, mo ń kà á:
àwa kan náà, àpò kan náà, epo sì ti dín.
Mo wo Brodie.
Brodie ń wo iwájú.