Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n ń tún ẹnu mi ṣe.
Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí ní Ìjerò:
mo ní "ulé", tíṣà ní "ilé" ni;
mo ní "usu", ó fi pàṣán kan tábìlì,
gbogbo kíláàsì ní "iṣu", èmi náà ní "iṣu".
Mo délé, mo kí Ìyé àgbà bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Ó wo ẹ̀yìn mi, bóyá mo mú àlejò dání.

Adó ló kù báyìí. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
àwa mọ́kànlá lábẹ́ fáànù tó ń ráhùn,
tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì wa kò tíì tó ti yunifásítì.
Sosiọ́lọ́jì ni mò ń kà. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.
Ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lẹ́nu géètì
bí ẹni tí kò ní káàdì.

Arábìnrin Fámúrewà kì í bú wa.
Bírò pupa rẹ̀ ni kì í wojú ẹnìkan.
"Má sọ pé o mọ̀; sọ pé ó jọ bẹ́ẹ̀.
Má sọ pé gbogbo ènìyàn; sọ pé ọ̀pọ̀."
Mo rẹ́rìn-ín sínú. Báyìí náà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nílé wa
bí wọ́n bá ń parí ìjà ilẹ̀:
"Ó dà bí ẹni pé, bí a bá fi ojú yìí wò ó…"
Àgbà kì í la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni la àgbọn.

Mo kọ àsáìmẹ́ntì nípa èésú Ìyé àgbà:
obìnrin méjìlélógún, ìlà èédú lára ògiri ìdáná,
ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní í kọ́kọ́ kó o.
Mo kọ ọ́ pé ìtìjú ni akọ̀wé wọn.
Ìwé padà. Bírò pupa: *Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?*

Ta ló sọ? Ògiri ló sọ!
Inú bí mi títí di ọjọ́ Ẹtì,
mo wọkọ̀ l'Òkèṣà, mo lọ bi í.

Ó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo gbé fóònù síwájú rẹ̀.
"Wọn ò mọ̀ ni?"
Mo ní wọ́n fẹ́ orúkọ ẹni tó mọ̀.
Ó pa ìrẹsì tì, ó tún gèlè wé
bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò,
ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ó dórí ẹni tó kó owó lọ sí Kàdúná tí kò padà,
ó dákẹ́. Ó ní kí n má kọ ìyẹn.

N kò kọ ọ́.

Arábìnrin Fámúrewà fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń tò ó
lójú ìwé ìgbẹ̀yìn: orúkọ bàbá, kọ́mà, orúkọ ẹni, ìlú.
*Àgúnbíadé, Ìbíronkẹ́. Ìjerò.*
Nítorí A, ó ṣíwájú òyìnbó mẹ́rin
àti ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbàdàn kan.
Mo kà á fún un lórí fóònù. Ó ní kí n tún un kà.
Ó wá bèèrè bóyá mo kọ ọ́ pé ulé òun la ti sọ ọ́.
Mo ní wọn kò bèèrè ìyẹn.
"Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. U ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Mò ń dúró de bírò pupa.