Ọ̀rọ̀ Kan Ṣubú

Ìgbìmọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ní kí n kọ ìtàn ìjọ wa,
ojú ewé ogójì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ,
kí fọ́tò àwọn alàgbà má sì ṣe kéré.
Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn pẹpẹ.
Ikán ti jẹ ọdún mẹ́ta nínú ìwé ìrìbọmi;
àwọn ọmọ ọdún wọ̀nyẹn, Ọlọ́run nìkan ló mọ orúkọ wọn.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ìwé pẹlẹbẹ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa:
Tàbítà Ọ̀ṣúnkúnlé, tíṣà àwọn ọmọ kékeré, 1938.
Ìtàn àròkọ ni. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì,
tó mọ ọwọ́ tó ń wọ inú àpótí ọrẹ lóru.
Ó dé ibi tí obìnrin náà ti di ilẹ̀kùn mú,
tó ní, "Bàbá ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ"
ó tán síbẹ̀. Inki kán sílẹ̀, àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan gé àtàǹpàkò náà ní ìbú.

Ìwé ìpàdé, oṣù kẹwàá ọdún yẹn:
"A pe Arábìnrin Ọ̀ṣúnkúnlé. Ó wá. Kò tọrọ àforíjì.
A fohùn ṣọ̀kan pé kí ó fi gègé sílẹ̀."
Nígbà tó di Mọ́ńdè, ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì,
àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń retí.
Wọ́n ní rélùwéè òru ló gbé e lọ.
Wọ́n wá a dé Ọ̀fà, wọ́n kọ̀wé sí Jẹ́bà,
ẹnì kan búra pé òun rí i ní Sàríà, ó ń ta búrẹ́dì.
Wọ́n gbàdúrà fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta,
lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún òjò.

Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rèé láàárín ìwé, páálí kékeré,
Òṣogbo sí Jẹ́bà, kíláàsì kẹta.
Mo gbé e sókè sí fèrèsé.
Kò sí ihò lára rẹ̀. Wọn ò lu ú rí.

Ìyá ìyá mi ń rẹ aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgùnpá.
Ìyá Aláró. Kò sẹ́ni tó bi í ní orúkọ míì.
Òun ò mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí.
Ní báńkì, nígbà ìdìbò, àtàǹpàkò ló fi ń tẹ̀wé.
Àmọ́ bí mo bá ń kàwé lẹ́bàá àtùpà,
tí oorun mú mi fo ibì kan,
á sọ láti inú òkùnkùn, láìgbójú sókè:
"Tún un kà. Ọ̀rọ̀ kan ṣubú."
Mo rò pé etí rẹ̀ ló mú ni.

Ìwé báńkì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ìyá mi.
Mo gbé àtàǹpàkò ti àtàǹpàkò.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá aṣọ àlùfáà.

Kì í ṣe Jẹ́bà. Kò tó máìlì kan.
Wọ́n ní kó fi gègé sílẹ̀, ó mú ìyẹ́ adìyẹ,
ó ń fi ya ẹ̀kọ sára aṣọ, níbi tí aró kò ní lè wọ̀.
Ṣé ìlú ò mọ̀ ọ́n ni, àbí ìlú mọ̀ ọ́n,
tí ìlú kàn ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láìwojú?
Àwọn ìyàwó alàgbà rèé nínú fọ́tò,
gbogbo wọn ló wọ àdìrẹ, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín.

Alága ń bi mí: ojú ewé keje ńkọ́?
Ó ní ọmọ ọmọ àwọn kan ṣì ń jókòó níwájú.
Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ látẹ̀yìnwá:
Tíṣà Tàbítà Ọ̀ṣúnkúnlé. A kò rí i mọ́.
Mo kà á sókè nínú yàrá tó ṣófo.
Lẹ́yìn náà mo pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.
A kò rí i.